Ewé mọ́ínmọ́ín ń tán létí odò wa: ṣé òjò ni àbí ọwọ́ ènìyàn?

Ìyá Eléwé, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ewé ni mo ń tà. Ìyá mi tà á, ìyá tó bí ìyá mi náà tà á. Ewé ló rán mi níwèé, nítorí náà ẹ má fi ìbéèrè mi ṣe ọ̀rọ̀ ọjà lásán.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀yìn Òkè-Àgbò níbí la ti ń já ewé mọ́ínmọ́ín. Odò kan wà níbẹ̀ tí kò tó ohun tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú àwòrán ilẹ̀. Ọ̀ṣun ló ń ṣàn lọ bá. Ìyá mi á ti wọ bàtà rọ́bà kí ilẹ̀ tó mọ́, á mú ọ̀bẹ, èmi á gbé okùn tẹ̀ lé e. Kí oòrùn tó gun orí igi, ẹrù méjì ti pé. Ewé náà ga jù mí lọ nígbà yẹn. Abẹ́ rẹ̀ tutù, ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ ẹni á máa rì díẹ̀díẹ̀. Èso pupa onígun mẹ́ta kan máa ń so sí ìdí rẹ̀ nílẹ̀. A ó fọ́ ọ, a ó lá ohun rírọ̀ tó bo hóró inú rẹ̀, omi lásán tí a bá mu lẹ́yìn rẹ̀ á máa dùn bí oyin. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ ó rántí.

Ní báyìí, ọdún kẹta nìyí tí n kò rí odindi ẹrù kan já níbẹ̀. Ọ̀kadà ni mo ń gùn lọ síwájú, tí mo bá sì dé ibi tí mo ti já ewé lọ́dún tó kọjá, ilẹ̀ ti gbẹ. Èyí tí mo ń gbé lọ sí Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọwọ́ àwọn tó ń kó o bọ̀ láti ìhà Oǹdó ni mo ti ń rà á. Àwọn oníbàárà mi tó ń ta ìrẹsì ọ̀fadà ti ń sọ pé ọ̀rá làwọn yóò máa fi dì í. Ọ̀fadà nínú ọ̀rá! Ẹ wo ibi tí ayé bá wa dé.

Odò náà fúnra rẹ̀ kò jọ ara rẹ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, bí ọyẹ́ ń fẹ́ tó, omi á ṣì dé orókún mi. Oṣù kejì tó kọjá yìí, sálúbàtà ni mo fi kọjá láàárín rẹ̀, kò rin. Bẹ́ẹ̀ ní oṣù keje ọdún tó kọjá, òjò ọjọ́ kan ṣoṣo ló gbé ebè aládùúgbò wa lọ tòun ti ẹ̀gẹ́ orí rẹ̀. Létí odò, níbi tí ọpẹ̀pẹ̀, abura àti ògùrọ̀ wà, Akíntọ́lá ló kún ibẹ̀, àti èkan, àti eèsún. Ewé kò kúkú tán níbẹ̀ o. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ibẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀. Ewé tó ṣeé fi dì nǹkan ni kò sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti di àríyànjiyàn nílé wa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ní òjò ló yí padà. Àbúrò mi, tó ń fi ẹ̀rọ gé igi fún àwọn onísọ́mìlì, òun náà ní òjò ni. Ẹ gbà mí, kí lẹ fẹ́ kó sọ? Ọkọ mi ní àwọn tó ń kó yanrìn ni. Ìyàwó pásítọ̀ wa ní ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ohun tí mo ń bèèrè ni pé báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ ti òkè yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti ọwọ́ wa? Kì í ṣe kí n lè bá ẹnikẹ́ni jà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kí n dúró de òjò, àbí kí n wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Bàbá Kòkó, Àgọ́-Ìwòyè

Ìyá Eléwé, o kú ọjà. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ kò purọ́. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mo ti lò láyé, oko ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Láyé ìgbà kan, bí àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní oṣù kẹta, a mọ̀ pé iṣẹ́ dé. Òjò á rọ̀ dé oṣù keje, á sinmi ní oṣù kẹjọ, àrọ̀kúrò á wá gbà á títí wọ oṣù kẹwàá. Nísinsìnyí, òjò ń tan ni jẹ. Á rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, o ó sáré gbin àgbàdo, á wá wábi gbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àgbàdo tó ti yọ orí á gbẹ mọ́lẹ̀. Nígbà tó bá sì padà dé, á wọlé bí olè tó já ilẹ̀kùn.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 1983 ni mo kọ́kọ́ rí i kí iná jẹ oko kòkó. Kòkó tútù o! Ewé gbígbẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń gbé iná náà kiri. Tèmi jó. Ti ọmọ ìyá mi kò jó, bẹ́ẹ̀ a jọ pààlà ni. Òun fi àwọn igi ńlá sílẹ̀ sáàárín kòkó tirẹ̀, èmi ti ta tèmi fún onípákó ní ọdún méjì ṣáájú. Ilẹ̀ tirẹ̀ ṣì lọ́rinrin nígbà tí tèmi ti di ẹ̀ẹ́rún. Ẹ má bi mí ní iye tí mo ta igi náà.

Síbẹ̀, òjò ni mo dì mú.

Gbànjà, Ṣàgámù

Bàbá, ẹ dárí jì mí o. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́rìí sí i pé kì í ṣe òjò nìkan. Ọ̀gbẹlẹ̀ kan náà ló mú oko ẹ̀yin méjèèjì.

Bàbá Kòkó, Àgọ́-Ìwòyè

Mo rí i. Jẹ́ kí n lọ rò ó.

Gáàdì Igbó tẹ́lẹ̀, J4

Ará Ṣàgámù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Mo ṣọ́ Igbó Ọmọ, tí J4 wà nínú rẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún 1925 ni ìjọba fi igbó náà sábẹ́ òfin, ó fẹ̀ ju 1,300 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Ní 1946 wọ́n tún ya apá kékeré kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, nǹkan bí hẹ́kítà 460, pé igi ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fara kan àáké rárá. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn igbó tí wọ́n ń kíyè sí káàkiri ayé ní 1977. Ohun tó wá yí i ká ni igi mẹ̀láínà (Gmelina) tí wọ́n gbìn nítorí ilé-iṣẹ́ bébà ti Ìwopin, kòkó tí wọ́n fi jẹ inú igbó, oko ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ìyá Eléwé, wá dúró sí ààlà yẹn pẹ̀lú mi. Òjò kan náà, oòrùn kan náà, ọyẹ́ kan náà. Ní oṣù kejì, bí mo bá ti inú mẹ̀láínà wọ apá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ yẹn, awọ ara mi á ti mọ̀ kí ojú mi tó mọ̀. Ewé rẹ tí ò ń wá kiri wà níbẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan gbìn ín sí poro. Lábẹ́ mẹ̀láínà, ewé gbígbẹ ló ń dún lábẹ́ bàtà. Bó bá jẹ́ òjò nìkan ló ń pa ewé, ṣé òjò mọ ibi tí ààlà ìjọba dé ni?

Ọ̀rọ̀ odò rẹ tó ń gbẹ ní oṣù kejì tó sì ń ya bo oko ní oṣù keje, àìsàn kan ṣoṣo ni. Ilẹ̀ abẹ́ igbó dà bíi kànrìnkàn. Ó ń mu òjò, lẹ́yìn náà ó ń tú u sílẹ̀ fún odò díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi kọjá. Ilẹ̀ tí wọ́n ti gé igi orí rẹ̀, tí wọ́n jó, tí wọ́n fín oògùn apakoríko sí, tí oòrùn ń lù lórí, á le bí ojúde. Òjò kò rí ibi wọ̀ mọ́, ó di kó sáré lọ sódò lẹ́ẹ̀kan náà, á sì ru erùpẹ̀ dání. Kí ló kù tí ilẹ̀ máa fún odò nígbà tí ọyẹ́ bá dé?

N kò sọ pé Bàbá Kòkó purọ́ o. Ayé ti móoru ju ti àwọn baba ńlá wa lọ, ó ti fi dígírì kan àti díẹ̀ lé e. Afẹ́fẹ́ tó móoru a máa gbé omi púpọ̀ dání, nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ló ń fi kún un fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Á fa omi náà lára ilẹ̀ àti lára ewé, ọjọ́ tó bá sì fẹ́ dà á nù, á dà á bí ẹni da omi ìfọṣọ. Bàbá rí i dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní agbòjò àti ẹni tí kò ní, òjò kan náà kì í pa wọ́n bákan náà. Igi lagbòjò wa, àwa la sì tà á.

Onítípà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ má bi mí lórúkọ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kó yanrìn létí Ọ̀ṣun. Afárá onípákó kan wà tí àwọn àgbẹ̀ fi ń rékọjá lọ sóko. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, yanrìn bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ìdí àwọn òpó rẹ̀ ti yọ síta, gbòǹgbò igi etí odò ń fì dirodiro bí irùngbọ̀n arúgbó. Lẹ́yìn náà làwọn igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó lulẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, láìsí ẹni tó gé wọn. Ọkọ Ìyá Eléwé mọ ohun tó ń sọ.

Ọmọ Jọ́gíráfì, Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ kú àṣálẹ́, ẹ̀yin àgbà. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ ní yunifásítì níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká fo ọ̀rọ̀ bùrọ̀dá onítípà kọjá, torí ó kan ìyá ju bí a ṣe rò lọ.

Bí ìsàlẹ̀ odò ńlá bá jìn, odò kékeré tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ kò ní dúró sókè kó máa wò ó. Òun náà á máa gbẹ́ ìsàlẹ̀ tirẹ̀, láti ẹnu ibi tí wọ́n ti pàdé, á sì máa gun òkè bọ̀ lọ́dọọdún. Omi tó wà nínú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á bá a sọ̀ kalẹ̀. Ọpẹ̀pẹ̀ lè fi gbòǹgbò lépa omi yẹn fún ìgbà díẹ̀. Ewé mọ́ínmọ́ín kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, òkè ilẹ̀ níbẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ ń rá kiri. Ilẹ̀ kò níláti di aṣálẹ̀ kí òǹgbẹ tó pa á.

Yanrìn tí wọ́n kó náà kì í sì í tètè padà. Ìdídò Aṣẹ́jirẹ́, tí wọ́n ṣí ní 1972, wà lókè lọ́hùn-ún lórí Ọ̀ṣun kan náà. Yanrìn tó ń bọ̀ láti òkè, inú adágún yẹn ló ń rọ̀ sí. Ohun tó máa ń rí ọ̀nà kọjá ni ẹrẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú èyí tí iṣẹ́ àwọn awagóòlù ti fi pọ́n omi Ọ̀ṣun lókè. Ẹrẹ̀ yẹn ń ba omi jẹ́, ṣùgbọ́n kò lè dí ihò tí típà gbẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa tó sọ pé ká wo àwòrán sátẹ́láìtì. Àwa náà ń wò ó. Láti 1972 ni àwọn sátẹ́láìtì Landsat ti ń ya àwòrán ilẹ̀ ayé, ọ̀fẹ́ sì ni fún gbogbo èèyàn láti 2008. Ewé tó bá lókun a máa gba ìmọ́lẹ̀ pupa mì, a sì máa da ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú wa kò rí padà sókè. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì la fi ń mọ bí ewé ibì kan ṣe tutù tó. A ó wá gbé òjò ọdún kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀. Èyí tí òjò kò lè dáhùn fún nínú ìyípadà náà, ọrùn èèyàn là ń kà á sí. Ọgbọ́n gidi ni, a sì ń fi ṣiṣẹ́ ní àwọn ibi tó fẹ̀.

Àmọ́ ní Ìjẹ̀bú, ó lè tan wá jẹ. Ẹ rántí ohun tí ìyá sọ: gbogbo ibẹ̀ ń tutù yọ̀yọ̀. Lójú sátẹ́láìtì, Akíntọ́lá tó kún dáadáa tutù bí igbó, ẹ̀gẹ́ tutù, mẹ̀láínà tutù. Ojú kan péré nínú àwòrán náà jẹ́ 30 mítà níbùú àti 30 mítà lóròó. Odò ìyá kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, abẹ́ igi sì ni ewé rẹ̀ ń gbé. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, ìkùukùu ló máa ń bo gbogbo rẹ̀. Bí ìyá bá ní ewé ti tán tí àwòrán mi ní kò tíì tán, ìyá ni màá gbà gbọ́.

Nítorí náà, ohun tí bàbá gáàdì sọ ni ká ṣe ní kékeré. Ẹ wá ibì kan létí odò yín gan-an tí àáké kò dé rí: igbó òrìṣà, igbó orò, ibojì àtijọ́. Ẹ lọ wò ó nísinsìnyí tí àkọ́rọ̀ kò tíì rọ̀. Ẹ wo ewé, ẹ wo ilẹ̀, ẹ sì wo etí odò fúnra rẹ̀.

(Èso pupa tí ẹ ń lá lọ́mọdé yẹn, thaumatin ni wọ́n ń pe adùn inú rẹ̀. Ó fi nǹkan bí ìlọ́po 2,000 dùn ju ṣúgà lọ. Ẹ ti jẹ ohun olówó iyebíye lọ́fẹ̀ẹ́.)

Ìyá Eléwé, Ìjẹ̀bú-Igbó

Igbó Orò wà lókè odò náà, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí Orò gbé mi ni? Àbúrò mi agégi ni màá rán. Ẹ ní sùúrù fún mi.

Gbànjà, Ṣàgámù

Ẹ gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lọ o.

Ìyá Eléwé, Ìjẹ̀bú-Igbó (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá)

Mo ti padà dé. Àbúrò mi gbé obì àti ọtí lọ bá àwọn àgbà, wọ́n gbà fún un, wọ́n sì fi ẹnìkan tẹ̀ lé e. Ó ní ewé wà níbẹ̀, ó ga ju òun lọ, òun tí kì í ṣe ènìyàn kúkúrú. Èso pupa wà ní ìdí rẹ̀. Ó mú mẹ́ta bọ̀ wá fún mi nínú àpò ṣòkòtò, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo lá a, mo mu omi lé e. Mi ò fẹ́ sọ bó ṣe ṣe mí.

Ilẹ̀ dúdú lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀ wá sílé. Mo yọ ọ́ wò, ó ṣì rin.

Ṣùgbọ́n ó ní apá ìsàlẹ̀ igbó náà, tó kọjú sí ọ̀nà tí omi ń gbà lọ, kò rí bẹ́ẹ̀. Etí odò ti ya lulẹ̀ níbẹ̀, igi méjì ti dùbúlẹ̀ sínú odò, ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ sì ti pọ́n, tó bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá wọ inú igbó. Kò sí ẹni tó gé igi kankan níbẹ̀. Mo bá rántí onítípà àti irùngbọ̀n arúgbó rẹ̀.

Bàbá tó tẹ̀ lé e tún fi orísun omi kan hàn án nínú igbó náà. Ó ní láti kékeré òun, omi ibẹ̀ kì í gbẹ. Ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ bí Ọdún Tuntun bá ti kọjá, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan igbó tó yí i ká.

Nítorí náà, mo ti pín ẹ̀bi nílé wa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gba tirẹ̀ fún òjò, mo fún ọkọ mi ní ti yanrìn, inú rẹ̀ sì dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó pọ̀ jù, gbogbo etí odò láti ibẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé wa, àbúrò mi ló ni ín. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun mọ kùkùté tí òun gé nínú wọn. Ó ti dákẹ́ láti ọjọ́ náà, mi ò sì tíì mọ bí mo ṣe máa bá a sọ̀rọ̀ sí i, torí owó iṣẹ́ yẹn náà la fi tọ́jú ìyá wa kó tó kú.

Àwọn àgbà gbà kó wú ìdí ewé mẹ́fà bọ̀. Mo ti fi àpò tútù wé wọn. Ibi tó níbòji tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì ń rin ni mò ń wá, ẹ̀yìnkùlé wa kò lè gbà á. Gbànjà, abẹ́ obì ni mò ń rò. Ṣé oko yín súnmọ́ odò Ìbù?

Gbànjà, Ṣàgámù

Ó súnmọ́ ọn. Obì tí bàbá mi gbìn ni, abẹ́ rẹ̀ ń ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, kí ẹ sì mú àbúrò yín dání, ọwọ́ rẹ̀ á wúlò fún gbígbẹ́ ihò. Ewé tí ẹ bá kọ́kọ́ já níbẹ̀, ẹ fi se mọ́ínmọ́ín fún mi. Ẹyin ni kí ẹ fi sí i o, mi ò fẹ́ ẹja.

Bàbá Kòkó, Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ má rì í mọ́lẹ̀ ní òjò àkọ́kọ́. Ẹ dúró de ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kí ẹ sì fi ewé obì gbígbẹ bo ìdí rẹ̀.